Aṣọ Pupa Lọ́ọ̀dù

Mò ń wá jákẹ́ẹ̀tì ọmọ mi nílé wa ní ìlú Stockbridge nígbà tí òórùn káńfọ̀ tú jáde nínú àpótí. Lójú ẹsẹ̀, mo tún di ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú yàrá tí màmá mi ti ń lọ aṣọ fún Lọ́ọ̀dù kan, ìjòyè òyìnbó.

Bàbá Lọ́ọ̀dù náà ti ṣe mínísítà rí. Òfin tuntun ti gba ìjókòó tó jogún nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ jókòó níbẹ̀ la sì ń kó pamọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó pupa, ó wúwo, irun funfun tí wọ́n fi yí ọrùn rẹ̀ ká sì rọ̀ bíi ti ológbò.

Mo bi bàbá náà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló máa wọ̀ ọ́ tẹ̀ lé yín?”

“Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!” Màmá mi ranjú mọ́ mi.

“Ọmọkùnrin mi ló kàn,” ni bàbá náà dáhùn.

Inú mi dùn. Ọmọ yẹn máa ń fún mi ní ṣokoléètì. “Mọ́mì ní ó rìnrìn àjò, sà. Ó máa tó dé.”

Áyọ́ọ̀nù dúró lọ́wọ́ màmá mi. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ki káńfọ̀ sínú aṣọ náà.

“O ṣé,” ló wí. “Tó bá dé, á bá a níbí.”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti sin ọmọ náà, pé “ó rìnrìn àjò” ni màmá mi fi ń pa ikú mọ́ fún mi.

Tí wọ́n bá bèèrè ọmọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kì í sọ pé ó rìnrìn àjò, torí ikú ni mo máa ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo máa ń sọ ibi tó lọ gan-an: ó lọ ra bàtà ní ìlú Buford, ó ń bọ̀ ní aago mẹ́fà.