Ìpínlẹ̀ Tí Kò Ní Àmì Pupa

Iṣẹ́ tí mo ṣe ní Berlin, ní àwọn ọdún tí owó euro ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ló kọ́ mi láti máa fura sí ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ kan ní Tempelhof tó ń fi tírélà háyà fún àwọn akẹ́rù ni mo wà. Tí awakọ̀ bá dá tírélà padà, èmi ni mo máa ń yí i po pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Màá sàmì sí ibi tó bá tẹ̀ wọnú, màá wo táyà, màá yẹ iná ẹ̀yìn wò, màá kọ gbogbo rẹ̀ sínú Protokoll, ìwé àyẹ̀wò wa, awakọ̀ á sì buwọ́ lù ú. N kò tíì rí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé òun ni òun kọlu nǹkan. Gbogbo wọn ló ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe bá a. Ẹni tó bá ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn láàárọ̀ lálẹ́, bí pásítọ̀ bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run ná.

Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Veddel, ní Hamburg, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bàbá wa ti kú, ìyá wa náà ti lọ, èmi nìkan ni mo kù tí yóò fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tó mú ọkùnrin kan wá. Amẹ́ríkà ni ọkùnrin náà ń gbé. Ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Hamburg, wọ́n pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi odidi ọdún kan bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ó tó padà wá láti rí mi. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá wọn. Ojú àbúrò mi ń dán. N kò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí a ti sin ìyá wa.

Mo bi ọkùnrin náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe.

"Kọ́ńpìnnì kan náà ni wá, sà," ó ní. "Èmi ni mò ń bójú tó branch wa ní South Dakota."

Lóòótọ́, Amẹ́ríkà ni ìyá ilé-iṣẹ́ wa wà. Àbúrò mi ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ da àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn ìsìn: òun sọ pé ìdí tírélà ni ẹ̀gbọ́n òun ti ń jẹun, ọkùnrin náà ní ibẹ̀ lòun náà ti ń jẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ so pọ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá bára mu jù, ṣọ́ọ̀kì ni mo máa ń yọ sí i.

Nílé, tí ọkùnrin bá wá tọrọ ọmọ yín, ẹ ó rán ẹni tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ lọ sí àdúgbò wọn. Yóò ṣe bí ẹni ń wá ilé kan, yóò bá ìyá arúgbó ẹnu ọ̀nà tàkúrọ̀sọ, kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ó ti mọ̀ bóyá wèrè ń bẹ nínú ìran wọn, bóyá wọ́n ń lu ìyàwó, bóyá ọwọ́ wọn kò mọ́. Ta ni mo fẹ́ rán lọ sí Dakota? N kò mọ ẹni tó mọ ẹni tó ti débẹ̀ rí. Máàpù ni mo bi.

Máàpù náà wà lára ògiri ọ́fíìsì wa ní Tempelhof, lókè ẹ̀rọ kọfí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló fi í ránṣẹ́: gbogbo ìpínlẹ̀ wọn, àmì pupa kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mu kọfí lábẹ́ rẹ̀ láìkà á. Ní ọjọ́ Ajé yẹn, mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ohio àti Pennsylvania pupa bí ẹsẹ̀ ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Illinois kún, Georgia kún, Texas ní tirẹ̀ káàkiri, ti California sì tò sí etí òkun. Mo rí i pé ibi tí ọ̀nà márosẹ̀ ti ń pàdé, àti ibi tí èbúté wà, ni wọ́n ń gbé ẹ̀ka sí. Bí mo ti ń fi ìka gòkè lọ sí àárín apá àríwá ni àmì ń dín kù. Mo dé Dakota méjèèjì, ti Àríwá àti ti Gúúsù: funfun báláú. Kò sí ẹyọ kan. Àyà mi já. Ká má purọ́, inú mi sì dùn díẹ̀, torí pé bí mo ṣe rò ó náà ló rí.

Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi obìnrin nílé. Berlin ni a bí i sí. Tí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, German ló fi ń dá mi lóhùn. Ó ní, "Frag ihn doch einfach, Papa," pé kí n ṣáà bi ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Mo ní ọmọdé ń ṣe é. Ta ló ń bi olè pé ṣé ó jalè?

Mo ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà àti àbúrò mi sí Berlin kí ó tó padà sí Amẹ́ríkà. A jókòó ní ilé kọfí kan ní Kreuzberg. N kò jẹ́ kí kọfí rẹ̀ tutù.

"Mo ti wo máàpù kọ́ńpìnnì," mo ní. "Kò sí branch kankan ní South Dakota. Ibi tí o ní ò ń bójú tó yẹn, kò sí láyé yìí."

Ó la ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mo wà yẹn..."

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni?"

Ó wo tábìlì. Àbúrò mi wò ó, ó sì wò mí.

"Rárá o, sà," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ má bínú, sà."

Mo yíjú sí àbúrò mi, mo ní ṣé ó gbọ́, ó ti jẹ́wọ́. Mo ní bí mo bá wà láàyè, n kò ní jókòó gba àwọn ènìyàn rẹ̀ fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Àbúrò mi kò bá mi jiyàn. Ó ń sunkún títí a fi dé ibùdókọ̀ ojú irin, èmi sì ń tù ú nínú pé Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì bí Olúwa ṣe tú àṣírí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ó tó oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà kí ọ̀gá mi tó rán mi lọ sí Hamburg, láti di ipò ẹnìkan tó lọ ìsinmi mú. Ibi iṣẹ́ náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Igun kan ni nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ mìíràn nítòsí èbúté, kọ̀ǹténà kan tí wọ́n gé fèrèsé sí, tábìlì kan, fóònù kan, ènìyàn kan. Mo ti lọ gbé tírélà níbẹ̀ láìmọye ìgbà.

Awakọ̀ kan dé láti Poland, ọ̀gá rẹ̀ ní kó wá dá tírélà padà síbẹ̀. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo lọ bá a. Ó dí mi lọ́nà. Ó na ìwé tí wọ́n to àwọn ẹ̀ka wa sí sí mi lójú, ó ní ẹ̀ka Hamburg tí òun rí nínú ìwé, òdìkejì ìlú ló wà, ibi tí mo dúró sí yìí kò sí níbẹ̀. Ó wo kọ̀ǹténà, ó wo bàtà mi, ó wo ojú mi. Ó ní òun kò ní fi tírélà lé ẹni tí òun kò mọ̀ lọ́wọ́.

Inú bí mi dé góńgó. Èmi, olè? Mo fi German là á yé e pé ibi tí oníbàárà ti ń wá gba tírélà nìkan ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Ibi tí ẹnìkan ṣoṣo bá ti ń ṣọ́ tírélà nínú ọgbà onílé mìíràn, wọn kì í kọ ọ́. Mo ní gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kò sí ilé-iṣẹ́ tírélà tí kò ní irú ẹ̀.

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ South Dakota sọ sí mi lọ́kàn. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹténà. Mo pe ọ̀gá mi ní Tempelhof, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó pè mí padà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ọgbà kan wà ní South Dakota, nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ọmọ Nàìjíríà kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ dáadáa ni.

Veddel kò jìnnà síbẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà." N kò jókòó. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Kò yà á lẹ́nu.

"Mo mọ̀," ó ní. "Nígbà náà, tí mo bá wà ní Pause, tí mo ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń pè é níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Orúkọ kọ́ńpìnnì yín ló fi ń gbé fóònù."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo, bọ̀ọ̀dá mi? Ẹ ti bi wá pé ṣé irọ́ lẹ ń pa ni. Nínú àwa méjèèjì, ta ni kó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní kí ó fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin náà, pé màá bẹ̀ ẹ́, màá pe àwọn òbí rẹ̀, màá bẹ̀ wọ́n.

"Ó ti gbéyàwó," ó ní. "Lóṣù tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí, kí n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì."

Ojú tì mí, ó sì dùn mí wọ egungun. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un nínú yàrá rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, tí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ọmọdé kì í jẹ́ kí àyà rẹ̀ kanlẹ̀ kó tó sáré gbé e dìde. Mo ń retí ọwọ́ rẹ̀ léjìká mi. Mo gbọ́ tó bọ́ bàtà iṣẹ́. Mo gbọ́ tó ṣí omi, tó fọ ọwọ́, tó tì í pa. Ìgbà náà ló tó sọ pé, "Ẹ dìde, sà."