Àwọn Ẹyẹ Onírin Bàbá Àgbà

Òórùn irin tí wọ́n ń jó ò lè gba imú mi ní Sàngó kí ọkàn mi má padà sí ẹ̀yìnkùlé bàbá àgbà mi, wẹ́dà tó ń fi àlòkù irin iléeṣẹ́ ṣe ẹyẹ.

Àárín ilá ni bàbá ri ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀ sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fà mí lọ́wọ́, a jọ yí gbogbo wọn ká. Oòrùn ti mú irin náà gbóná bí agbada àkàrà. Níwájú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, bàbá á ṣí fìlà, wọ́n á ké bó ṣe máa ń ké, èmi náà á sì ké tẹ̀lé wọn.

“Bàbá, ibo ni àwọn ẹyẹ gidi wà báyìí?”

“Iléeṣẹ́ ti gba igbó wọn. Wọ́n ti lọ.”

Mo rò pé bí ìyá mi ṣe ń lọ ná ọjà Adó-Odò, tó ń dé nírọ̀lẹ́, ni. Mo bá da àgbàdo síbi ẹsẹ̀ àgbìgbò onírin, kí ebi má pa á tó bá dé. Bàbá tún ṣí fìlà.

Lánàá, mo ké bí àgbìgbò fún ọmọ mi.

“Mọ́mì, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu bàbá àgbà nìkan ni mo ti gbọ́ ọ.