Àlá Tó Ń Fọ́ Orí Àrìnpé

Omi ni àlá náà fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Àrìnpé á rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, Ajíbóyè ọkọ rẹ̀ á jókòó síwájú, á kẹ́yìn sí i, á máa tukọ̀ lọ lórí omi tó dákẹ́ bí epo tó dì. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á gba ẹnu ọ̀nà wọ ilé wọn àtijọ́, èyí tí òkun ti gbé lọ, wọ́n á sì bá gbogbo nǹkan níbi tí wọ́n fi í sí. Ajíbóyè á wá yíjú padà. Á ní, "Àrìnpé, jókòó." Ibi tó bá ti ń tẹ̀ ba láti jókòó ni orí rẹ̀ á là, bí ìgbà tí wọ́n fi àáké la igi.

Á ta jí. Èébì á máa gbé e. Á máa táràrà bá ògiri lọ títí á fi dé orí pákó iwájú ilé, á sì jókòó kọjú sí òkun. Atẹ́gùn á máa fẹ́ sí i lójú, orí náà á sì máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Abereke létí òkun ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló sì ti di opó. Ẹja ló ń yan. Lẹ́yìn ikú Ajíbóyè, òkun jẹ ilẹ̀ wọlé, ó gbé ilé, ó gbé àtíbàbà tó ti ń yan ẹja. Àwọn ará àdúgbò bá a ri òpó mọ́ ẹrẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n kọ́ yàrá kan sórí rẹ̀. Nígbà tí òjò dé, tí iná kò lè dúró níta mọ́, ó gbé ààrò rẹ̀ wọ yàrá náà, ó sì fi ọ̀rá dí gbogbo ibi tí òjò lè gbà wọlé.

Ó ti bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ohun tí í fọ́ni lórí lójú oorun. Ẹni tó ń ta oògùn fún un ní Panadó. Wòlíì gbàdúrà sí omi fún un. Àwọn àgbà ní òkun ló ń pè é. Bí kì í bá ṣe òkun ni, èé ṣe tí orí náà fi ń sàn bó bá ti kọjú sí i? Àrìnpé kò jiyàn. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun kò tilẹ̀ kórìíra orí fífọ́ náà tán. Ó kà á sí owó ọkọ̀ tí òun ń san kí òun tó rí ọkọ òun.

Fẹ̀hìntọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ilé wọn kọjú síra, nìkan ló mọ̀ nípa àlá náà.

"Ajíbóyè yìí náà?" ni Fẹ̀hìntọlá wí. "Nígbà tó wà láyé, ìwọ lo máa ń wá a kiri. Ó wá kú tán, ó di ẹni tó ń pe ìyàwó."

"Má fi òkú ṣeré."

"Alààyè ni mò ń bá wí. Bí o bá kú, ọwọ́ ta ni n ó ti máa yá ìkòkò tí mi ò ní dá padà?"

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, Fẹ̀hìntọlá kan ilẹ̀kùn títí, Àrìnpé kò dáhùn. Ó já a wọlé, ó bá a tó nà gbalaja bí aṣọ tí wọ́n sá, ó sì wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ jáde síta. Ó pẹ́ kó tó lajú. Bó ti lè dìde, Fẹ̀hìntọlá gbé e sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ó di ilé ìwòsàn.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ọpẹ́fólúwa ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀, ará òkè tí ìjọba gbé wá, tó ṣì ń fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú bó bá wọ odò. Ó yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Àrìnpé wò, kò rí àléébù kankan.

"Màmá, ta ló tún ń sùn nínú yàrá yín?"

"Kò sí. Adìẹ kan ló ń sàba ní kọ̀rọ̀. Ó ti kú sórí ẹyin rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì dáwọ́ dúró. "Kí ló tún wà níbẹ̀?"

"Ààrò ẹja," ni Fẹ̀hìntọlá dáhùn. "Òjò ló lé e wọlé."

"Ṣé ẹ máa ń pa iná rẹ̀ kí ẹ tó sùn?"

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Ta ló ń pa iná lábẹ́ ẹja tí kò tíì gbẹ?

Ọpẹ́fólúwa fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní èéfín tí ojú rí kọ́ ló burú jù. Ó ní afẹ́fẹ́ kan wà tí ẹyinná ń tú jáde, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn. Bí yàrá bá ti dí, á wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń sùn, á fọ́ ọ lórí, á sì pa á bí kò bá tètè jáde. Atẹ́gùn ìta ló ń wò ó sàn, kì í ṣe òkun. Kí wọ́n gbé iná jáde lónìí. Bí orí bá tún fọ́ lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wá, òun á kọ̀wé fún wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ohùn Àrìnpé lọ sílẹ̀. "Bí mo bá gbé iná jáde, ṣé àlá náà á bá a lọ?"

Fẹ̀hìntọlá sọ ohun tí àlá náà jẹ́ fún nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

"Mi ò mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá gbé e jáde, ẹ máa jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ ò sì ní dìde mọ́."

Nígbà tí wọ́n padà délé, Àrìnpé dúró ti ààrò náà pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ ba, ó di ẹ̀gbẹ́ kan mú, Fẹ̀hìntọlá di èkejì. Orí pákó ìta ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì fi páànù ṣe òrùlé sí i. Wọ́n ya ọ̀rá kúrò lójú fèrèsé.

Ó sùn. Oòrùn ló jí i, orí rẹ̀ fúyẹ́. Ó tún di ojú, ó ń wá omi, ó ń wá ọkọ̀. Kò rí nǹkan kan.

"Orí ńkọ́?" ni Fẹ̀hìntọlá béèrè nígbà tó dé.

"Kò fọ́."

"Òun náà ńkọ́?"

"Kò wá."

Fẹ̀hìntọlá jókòó tì í, ó ń bá a yí ẹja padà lórí iná. "Ṣé o mọ̀ pé kí Ajíbóyè tó fẹ́ ọ, ó ń fi ọkọ̀ gbé ẹja kan ṣoṣo kọjá níwájú ilé ìyá rẹ títí? Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ rà á, Ajíbóyè á ní ó ti ní olówó. Ìyá rẹ ló ń dúró dè kó pe òun, kó lè rí ọ. Ìyá rẹ ò pè é. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í rùn."

Àrìnpé wò ó. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọkọ̀ bàbá mi ló yá. Àwa la fọ òórùn ẹja náà kúrò."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Àrìnpé, ó rín in títí omi fi dé ojú rẹ̀. Gbogbo ọdún tó fi bá ọkùnrin náà gbé, kò gbọ́ èyí rí.

"Tún un sọ," ló wí. "Má yára."