Abẹ́rẹ́ àti Báàgì Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé ó ga, ó sì tín-ín-rín. Kì í bínú sí i. Ẹni tó bá fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti mọ èsì tí yóò gbọ́: bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ ló ń ṣọ́. Òun ló ń dá àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù dúró, òun ló ń yẹ ara àwọn òṣìṣẹ́ wò nírọ̀lẹ́, kò sì sí ọkùnrin gìrìpá kan tó lè fi igbe lé e kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ má wò ó pé ara rẹ̀ ò tó nǹkan.

Adájọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n ló pọ̀n ọ́n, ló ń wẹ̀ ẹ́, ló rán an nílé ìwé. Láti ìgbà tí Abẹ́rẹ́ sì ti lè rìn, bí ẹ̀gbọ́n bá ti ibikíbi dé, á na báàgì ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn láìbojúwẹ̀yìn, ọwọ́ Abẹ́rẹ́ á sì ti wà níbẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ sí i. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í dúró kí àgbà máa gbẹ́rù lójú òun, ohun tí wọ́n mọ̀ nìyẹn.

Wàhálà wá dé. Ilé kan wó, ó pa èèyàn, ẹjọ́ ẹni tó kọ́ ọ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Òpin oṣù ni ìdájọ́. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí fóònù, wọ́n á sọ irú aṣọ tó wọ̀ jáde láàárọ̀ fún un, wọ́n á sì pa fóònù. Wọ́n fi ọ̀bẹ ya táyà mọ́tò rẹ̀ nínú ọgbà kóòtù. Ẹ̀ṣọ́ tó ń bá a rìn, ọkùnrin kan tí ọrùn rẹ̀ ki pọ́pọ́, sọ pé ìyàwó òun lóyún, ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ. Ta ló máa bá a wí? Ẹ̀mí kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́jà.

Ẹ̀gbọ́n pe Abẹ́rẹ́ sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sọ pé ẹ̀rù ń ba òun. Abẹ́rẹ́ ò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò fẹ́ àjèjì mọ́, ọmọ ìyá òun lòun fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lọ́jọ́ ìdájọ́. Kóòtù ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣọ́ adájọ́ láìní ìwé ẹ̀rí, nítorí náà kí Abẹ́rẹ́ tètè lọ kọ́ iṣẹ́ náà. Ó ti ń wu Abẹ́rẹ́ tipẹ́ pé kóun kúrò nídìí géètì. Ọ̀gá rẹ̀ fún un láyè, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni o. Tó bá yan ilé ẹ̀kọ́ tí kò dáa, kó má padà wá bẹ òun.

Ilé ẹ̀kọ́ méjì ló wà. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gágun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ogun tó jà. Ẹ bá mi wo ibẹ̀. Wọ́n ya àwọn ọkùnrin onígíláàsì dúdú sí ara ògiri. Nínú ọgbà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń já bọ́ láti inú mọ́tò tó ń sáré, wọ́n ń yí gbiri nílẹ̀, wọ́n ń dìde tàwọn ti ìbọn onígi lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ẹ̀rí ti jáde. Abẹ́rẹ́ ka ọjọ́ lórí ìka, ó rí i pé òun á parí kí ọjọ́ ìdájọ́ tó pé. Ọ̀gágun wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní kó fọkàn balẹ̀, òun á sọ ọ́ di irin. Ara Abẹ́rẹ́ yá gágá. Díẹ̀ ló kù kó fọwọ́ síwèé.

Ohun tó dá a dúró ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ọlọ́rùn kíki yẹn sọ fún un lọ́jọ́ tó ń lọ. Ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní ọ̀dọ̀ Ọ̀gágun lòun ti kọ́ṣẹ́, tó bá wu Abẹ́rẹ́ láti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan, kó lọ rí obìnrin tó ń kọ́ni lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ojú ń tì í bó ṣe ń sọ ọ́.

Abẹ́rẹ́ lọ. Yàrá méjì ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà, òórùn rọ́bà jíjóná ń gba ojú fèrèsé wọlé, bẹ́ǹṣì díẹ̀ ló wà níbẹ̀ àti àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́. Obìnrin kúkúrú kan ló ni ín, ó ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń tiro. Olùkọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ti ṣọ́ àwọn èèyàn ńlá ńlá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Bí Abẹ́rẹ́ ti gbọ́ oṣù mẹ́ta ló ti fẹ́ pẹ̀yìn dà, nítorí ìdájọ́ á ti kọjá. Olùkọ́ ní kó sin òun dé ìdí mọ́tò funfun tó wà ní òdìkejì títì ná.

"Ẹnì kan á fẹ́ fọwọ́ kàn mí kí n tó débẹ̀," ó wí. "Tó bá fi kàn mí, mo ti kú nìyẹn."

Kí ló wá le níbẹ̀? Abẹ́rẹ́ tó ń dá ọkọ̀ ẹrù dúró! Ó ṣáájú, ó yọjú wo ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó rí ọkùnrin tó jókòó lórí táyà, ó rí ẹni tó ń ta káàdì fóònù, ó rí obìnrin tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀, Olùkọ́ gbé báàgì awọ ńlá kan, ó ń tiro sọ̀ kalẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, báàgì náà sì ń gbá a lórúnkún. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ta ni wọ́n tọ́ dáadáa tó máa rí ìyẹn táá mójú kúrò?

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, mà," Abẹ́rẹ́ wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ nàró, ó na ọwọ́. Abẹ́rẹ́ rí i. Ó rí ọwọ́ náà kedere kó tó dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n báàgì ò jẹ́ kí tirẹ̀ dìde. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ kan Olùkọ́ lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó sì padà sídìí ìgbálẹ̀ rẹ̀.

"Mo ti kú," Olùkọ́ wí, bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá.

Ó gba báàgì rẹ̀. Ó ní ibi báàgì ni gbogbo ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ti máa ń pa òun. Àwọn tí wọn ò tọ́ dáadáa, ibòmíràn ni wọ́n ti ń pa òun. Ó wá bi í pé ta ló fẹ́ lọ ṣọ́, Abẹ́rẹ́ sì sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n tó tọ́ òun dàgbà ni.

"Ẹni tó pọ̀n ọ́," Olùkọ́ wí. "Tó bá ní kó o gbé báàgì, ṣé o lè sọ pé rárá?"

Inú bí Abẹ́rẹ́. Ó ní kí ló dé tóun ò ní lè sọ ọ́, ó sì bọ́ sójú títì, ó ń dá sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ báàgì! Ṣé báàgì ló ń pa èèyàn ni? Ó pinnu pé tílẹ̀ bá mọ́, ọ̀dọ̀ Ọ̀gágun lòun ń lọ.

Ibẹ̀ ló ti gba kóòtù lọ pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èrò pọ̀ níta: àwọn ẹbí àwọn tí ilé wó pa wà lápá kan, àwọn ọmọọṣẹ́ ẹni tó kọ́lé wà lápá kejì, kò sì sẹ́ni tó ń pariwo. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani. Ẹ̀gbọ́n jáde. Abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn, ó ń wo ọwọ́ àwọn èèyàn bó ṣe yẹ. Ẹ̀gbọ́n na báàgì sẹ́yìn láìbojúwẹ̀yìn.

Ó gbà á. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tó gbà á. Ohun tí òun mọ̀ ni pé báàgì ti wà láyà òun, bàbá arúgbó kan sì ti yọ láàárín èrò, ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú ẹ̀wù, èkejì ti dé èjìká ẹ̀gbọ́n. Bàbá náà fa ọwọ́ inú ẹ̀wù yọ. Fọ́tò ọmọbìnrin kan ló mú dání. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n ṣáà wo ojú ọmọ òun, òun ò bẹ̀bẹ̀ fún ohun mìíràn. Ẹ̀gbọ́n wò ó dáadáa, ó kí i kú ìrọ́jú, wọ́n sì wọ mọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀rọ̀ bàbá náà bí wọ́n ṣe ń lọ, àánú rẹ̀ ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ ò gbọ́ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé ọ̀bẹ ló fà yọ ńkọ́? Òun ì bá kàn dúró síbẹ̀ ni, kóun máa di báàgì mú kó má bàa já bọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀gbọ́n, ó sì sọ ohun tó ti pinnu nínú mọ́tò. Ó ní ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta lòun ń lọ. Òun ò ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́. Òun á bẹ Olùkọ́ kó rán ọ̀kan nínú àwọn tó ti kọ́ wá.

"Ìwọ náà fẹ́ sá," ẹ̀gbọ́n wí.

"Mi ò sá, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi ò lè kọ̀ fún yín ni. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ lè kọ̀ fún yín ni kó bá yín rìn."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó wọ yàrá. Ó gba ẹ̀ṣọ́ tí Olùkọ́ rán wá nítorí kò sí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tipátipá ló fi ń dá Abẹ́rẹ́ lóhùn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ wọn ò sọ bó ṣe ń dunni tó nígbà tí a bá ń fẹ̀sọ̀ mú un lọ́wọ́.

Ọjọ́ ìdájọ́ pé. Olùkọ́ ti kìlọ̀ fún Abẹ́rẹ́ pé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, nítorí náà òdìkejì títì ló dúró sí, níwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta páànù. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń jáde pé ẹni tó kọ́lé ń lọ sẹ́wọ̀n. Èrò ń ru. Ẹ̀gbọ́n jáde, ẹ̀ṣọ́ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin kan tó sanra tí kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n na báàgì sẹ́yìn láìbojúwẹ̀yìn.

Kò sẹ́ni tó gbà á. Ẹ̀ṣọ́ náà ò tiẹ̀ wò ó. Báàgì ń mì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, ojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Abẹ́rẹ́ lódìkejì títì. Lẹ́yìn náà ló fa báàgì padà, ó fi kọ́ èjìká ara rẹ̀.

Ìgbà náà ni ọwọ́ kan gòkè láàárín èrò, ìgò wà nínú rẹ̀. Kí Abẹ́rẹ́ tó pariwo, ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ náà méjèèjì ti gbá ẹ̀gbọ́n mú ní ọrùn àti ní ìbàdí, ó ti tẹ̀ ẹ́ wọ inú mọ́tò. Ìgò fọ́ yángá síbi tí ẹ̀gbọ́n dúró sí. Mọ́tò ti lọ.

Àwọn èèyàn ń sá káàkiri. Abẹ́rẹ́ ò sá. Nígbà tó wolẹ̀, ó rí i pé ọwọ́ òun méjèèjì nà síwájú, àtẹ́lẹwọ́ sì kọjú sókè, bí ìgbà tó bá fẹ́ gba báàgì. Ó ṣì ń wò wọ́n nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n ni.

"Ó wúwo o," ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé bó ṣe máa ń wúwo tó látọjọ́ yìí nìyí?"

Abẹ́rẹ́ ní òun ò mọ̀, pé òun ò kíyè sí i rí. Ó wá jókòó sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù páànù, ó sì sunkún.