Bí Hikmah Ṣe Tún Fọn Fèrè

Lọ́dọọdún, nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá gba ọlidé, ilé-ẹ̀kọ́ orin kan máa ń ṣí ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn olùkọ́ máa ń ti Jámánì, Gánà àti Kẹ́ńyà wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì máa ń ti ibi púpọ̀ wá. Ilé-ìwé kan lójú ọ̀nà Ijagun ni wọ́n máa ń lò. Àwọn tó ń ta fáólìnì á gba òkè, àwọn tó ń tẹ dùùrù á gba gbọ̀ngàn, àwọn onífèrè á sì lọ sí kíláàsì ẹ̀yìn, lẹ́bàá igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti bá Hikmah, ọmọ Alhaji Wàhábì aláṣọ. Òun nìkan ni ọmọ Ìjẹ̀bú láàárín àwọn tó ń kọ́ni ní fèrè níbẹ̀.

Fèrè tí mò ń wí yìí, fèrè irin funfun ni, èyí tí wọ́n máa ń gbé dábùú ẹnu. Kò sẹ́ni tó fọn irú ẹ̀ rí nílé Alhaji. Ọ̀gbẹ́ni Harold, tó ń kọ́ wọn ní orin níléèwé, ló kọ́kọ́ gbé e lé Hikmah lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni náà ló tún ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n wá sílé láti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀.

Alhaja Mùínátù, ìyá Hikmah, ló sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ sọ ọmọ mi di Kìrìsìtẹ́nì ni?”

Ọ̀gbẹ́ni Harold ṣí fìlà wọn. “Rárá o, Ìyá Hikmah. Ọmọ yín mọ bí wọ́n ṣe ń mí sínú fèrè. Fèrè ni mo fẹ́ kọ́ ọ. Mi ò ní fọwọ́ kan ẹ̀sìn rẹ̀.”

Alhaji wá ní kó máa lọ, bí ó bá ti kírun Alásárì tán. Láti ọjọ́ náà títí tí Hikmah fi jáde níléèwé, bí ẹ̀kọ́ bá tilẹ̀ bọ́ sí àkókò ìrun, Ọ̀gbẹ́ni Harold fúnra wọn ni yóò wo aago, tí wọ́n á ní kó gbé fèrè sílẹ̀ kó lọ kírun. Hikmah kì í gbàgbé èyí. Ó ní ibẹ̀ lòun ti mọ̀ pé èèyàn lè fẹ́ràn nǹkan méjì láìfi ọ̀kan ba èkejì jẹ́.

Ó lọ yunifásítì, ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin. Ó bá àwọn ẹgbẹ́ olórin ṣiṣẹ́ l’Ékòó, kó tó padà wálé wá fẹ́ Zakariyah, tó jẹ́ olùkọ́ bíi tirẹ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Ikhlas. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́lidé náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n pe Hikmah pé kó wá máa bá àwọn kọ́ni.

Ní ọdún kan, ó ku díẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí, Hikmah jí láti kírun Àsùbá. Ó ń ṣe àlùwàlá, ó bu omi sẹ́nu, omi náà sì ń dà jáde láti igun ẹnu rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó tún bu òmíràn, ìyẹn náà dà. Ó fẹ́ ké sí ọkọ rẹ̀ pé, “Bàbá Ikhlas,” ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò pàdé, ọ̀rọ̀ náà kò jáde dáadáa. Nígbà tí Zakariyah tan iná, ó rí i pé apá ọ̀tún ojú ìyàwó òun ti wálẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́.

Wọ́n rò pé rọpárọsẹ̀ ni. Zakariyah fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Iṣan kan tó ń darí ojú ló ṣàìsàn. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ni ojú wọn máa ń padà sípò, kó lo oògùn rẹ̀ kó sì ní sùúrù. Inú gbogbo ilé dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hikmah bi dókítà bóyá òun á tún lè fọn fèrè, dókítà ní òun kò mọ̀.

Nígbà tó délé, ó gbìyànjú ẹ̀. Atẹ́gùn lásán ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ jáde. Ó dá fèrè padà sínú àpótí rẹ̀, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wá tẹ Walter láago. Walter ni olórí àwọn olùkọ́ fèrè, ará Jámánì kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Hikmah ṣàlàyé fún un, ó ní kí ó wá ẹlòmíràn. Walter bi í bóyá etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ dáadáa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Walter ní kó máa bọ̀ nígbà náà.

Hikmah kò fẹ́ lọ. Alhaja Mùínátù, tí wọ́n ti wá bá a tọ́jú Ikhlas, kò bá a jiyàn. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí lọ aṣọ tó máa wọ̀ lọ, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí ó fi dìde lọ wẹ̀.

Ó fi ìbòmú bojú wọ kíláàsì. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ìtùnú, láti Ayépé, tó máa ń fi ipá fẹ́ atẹ́gùn sínú fèrè títí ohùn rẹ̀ á fi le koko. Tẹ́lẹ̀, Hikmah ì bá gbé fèrè tirẹ̀ kó fọn ọ́n fún un gbọ́. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù. Ẹnu náà kò sì já geere lábẹ́ ìbòmú.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ni Ìtùnú ń wí, “mi ò gbọ́ yín.”

Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Hikmah ṣí ìbòmú náà kúrò.

“Ojú mi rèé,” ó rọra sọ ọ́. “Ojú ló ń ṣàìsàn, etí kọ́. Fọn fèrè rẹ kí n gbọ́.”

Ìtùnú wò ó díẹ̀, ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà,” ó sì gbé fèrè sẹ́nu. Hikmah gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, níbi tí èémí ń wọlé sí. Bó bá ti fẹ́ fipá sí i, yóò fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Kó tó di ọ̀sán, ohùn fèrè Ìtùnú ti rọ̀. Hikmah wá ṣàkíyèsí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Bí kò ti fọn fèrè fún wọn mọ́, kò sẹ́ni tó ń wá ohùn tirẹ̀ fara wé. Kálukú ń wá tara rẹ̀.

Láràárọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, Walter máa ń kan ilẹ̀kùn kíláàsì rẹ̀. Ó sọ fún un pé nígbà tóun wà lọ́dọ̀ọ́, ìka òun kan kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́, olùkọ́ òun sì ń wá jókòó ti òun lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé òun bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọkùnrin náà ti kú, òun kò sì dúpẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí Hikmah yọ orí fèrè nìkan, kó má gbé e sáàárín ètè mọ́, kó gbé e sápá òsì níbi tí agbára ṣì wà. Atẹ́gùn lásán ni wọ́n ń gbọ́. Láwọn àárọ̀ kan, Hikmah á sunkún. Walter á kọjú sí igi máńgòrò títí yóò fi nu ojú.

Lọ́jọ́ kan, ohùn jáde. Ó tín-ín-rín, bí ìgbà tí kẹ́tùlù bá fẹ́ hó. Walter na ìka kan sókè pé kó tún un ṣe. Ó tún jáde. Ní ìta, Alhaja, tí wọ́n máa ń gbé Ikhlas bá a wá, gbé ṣíbí tí wọ́n fi ń fún ọmọ náà ní ògì sílẹ̀. “Alhamdulillahi,” ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ ìparí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fèrè jọ ṣeré nínú gbọ̀ngàn. Hikmah jókòó lẹ́yìn wọn, ó ń bá wọn fọn apá tó rọrùn jù, tó wà nísàlẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ wà níwájú. Ọ̀gbẹ́ni Harold, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì sí Ibefun, fi ọ̀pá tilẹ̀ wá. Nígbà tí eré parí, Hikmah lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gbẹ́ni Harold.

“Sà, ohùn mi ò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́.”

“Mo gbọ́,” ni bàbá náà wí. “Ti tẹ́lẹ̀ dáa. Èyí náà dáa. Má máa wá èyí tó lọ kiri. Fọn èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ.”

Alhaji Wàhábì dìde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Harold mú, wọ́n dúpẹ́ ọjọ́ tí wọ́n wá sílé àwọn. Ní gbogbo ọdún tó ti kọjá, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ yẹn rí.

Ojú Hikmah ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sípò tán báyìí, àyàfi pé bó bá rẹ̀ ẹ́, tó sì rẹ́rìn-ín, ojú ọ̀tún á kọ́kọ́ pa dé. Apá òsì ló ṣì ń gbé fèrè sí. Àwọn ọmọ tuntun máa ń rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, wọ́n á gbé tiwọn síbẹ̀ náà, yóò sì máa rẹ́rìn-ín bó ti ń dá wọn padà sí àárín. Ìtùnú ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní fèrè ní Ayépé lọ́jọ́ Sátidé. Ní ti Walter, bí ọjọ́ tó máa padà sí Jámánì bá ti pé, Alhaja Mùínátù á di gaàrí Ìjẹ̀bú sínú àpò fún un, wọ́n á sì tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi omi tútù àti ẹ̀pà mu ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Walter á máa tẹ́tí sí wọn, á sì máa dúpẹ́. Alhaja á ní kò tọ́pẹ́, pé àwọn gan-an làwọn jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́.