Àwọn Obìnrin Tó Yàn Dípò Mi

Mo ti nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé apànìyàn ni. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Èmi wà lára àwọn obìnrin tó ń kó bisikíìtì sínú páálí. Òun ló ń tún ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá wé e ṣe. Bí ẹ̀rọ bá ti há, gbogbo wa á dáwọ́ dúró, a ó máa wo ẹnu ọ̀nà tó máa gbà wọlé. Kì í pariwo. Á kí àgbà, á kí ọmọdé, á ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, á sì rá wọ abẹ́ ẹ̀rọ. Tó bá ṣe tán, á bi ẹni tó wà nítòsí bóyá nǹkan kan ò ṣe é lọ́wọ́. Àwọn ọ̀gá wa kì í bi wá bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbàdúrà pé kí ẹ̀rọ há níbi tí mo dúró sí.

Obìnrin tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló yàn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní Onígbòǹgbò. Ó pupa, ó léjì, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí i. Ọ̀rẹ́ mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá ra bàtà tuntun, oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Ó ní aago ọwọ́ kékeré kan tó ń dán bíi góòlù, tó ní okùn awọ. Wọn kì í jẹ́ ká wọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síbi iṣẹ́, kó má baà já sínú bisikíìtì, torí náà inú báàgì mi ló máa ń tọ́jú rẹ̀ sí. Tó bá ti di àkókò oúnjẹ, mo máa ń yọ ọ́ jáde, màá so ó mọ́ ọwọ́ ara mi, màá máa yí ọwọ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí awọ rẹ̀ já, èmi ni mo bá a rán an. Òwú aláwọ̀ ewé nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, òun náà ni mo fi rán an, tí mo sì ta kókó rẹ̀ sí abẹ́.

Ọkùnrin náà máa ń dúró dè é lẹ́nu géètì. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, ó sọ fún mi pé, “Ó ní kí n má bá àwọn dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní tóun bá ti rí i, ṣe ni àyà òun máa ń gbóná.”

Ńṣe ló ń fi yangàn. Èmi náà sì rò pé ohun tó yẹ kéèyàn fi yangàn ni. Àyà ta ló gbóná nítorí tèmi rí?

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ọ̀rẹ́ mi kò wá síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kejì. Ọkùnrin náà jókòó síbi tí a ti ń jẹun, ó gbé oúnjẹ síwájú, kò jẹ ẹ́, ó bú sẹ́kún. Ó ní ọ̀rẹ́ mi ti bá ọkùnrin mìíràn lọ sí Kútọnu. Àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ń bá a kẹ́dùn, wọ́n ń bú ọ̀rẹ́ mi. Èmi ni mo gbé omi fún un. Àánú rẹ̀ ṣe mí dénú, inú mi sì ń dùn lábẹ́ àánú náà. Mo rò pé ó kàn mí báyìí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í se mọ́ínmọ́ín wá fún un. Á jẹ ẹ́ tán, á fọ abọ́ náà mọ́ tónítóní, á fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. “Ẹ ṣeun, àǹtí.” Àǹtí! Èmi tí mo fi ọdún kan péré jù ú lọ.

Ní Agége, èmi àti ọmọbìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan la jọ háyà yàrá kan. Aránṣọ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti de gèlè, gbogbo ojúlé ló máa yọrí wò ó. Fáànù wa bàjẹ́, èmi fúnra mi ni mo pe ọkùnrin náà pé kó wá bá wa tún un ṣe. Mo ti lọ ṣe irun. Ó tún fáànù náà ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ojú rẹ̀ wà látìgbà tó dé. Láti ọjọ́ yẹn, ó máa ń gbé búrẹ́dì Agége gbígbóná wá fún un. Ọmọbìnrin náà á bù fún mi, màá sì jẹ ẹ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ló na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. “Wo ohun tó rà fún mi.”

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo ti mọ aago náà. Mo yí okùn rẹ̀ padà. Òwú aláwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú kókó tí mo ta.

“Níbo ló ní òun ti rà á?”

“Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Allen.”

“Kò rà á. Aago ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ní ó lọ Kútọnu nìyí. Èmi ni mo rán awọ rẹ̀.”

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ gbà. “O ń jowú mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń jowú rẹ. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi rán.”

“Bóyá ó fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ.”

“Ohun tó fẹ́ràn tó báyẹn?”

Ó pòṣé, ó mú báàgì rẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà ń dúró de òun, pé ó ti se oúnjẹ sílẹ̀ nílé rẹ̀. Ó jáde tòun ti aago lọ́wọ́.

Mo dúró láàárín yàrá. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó sè fún un náà ń dùn mí. Mi ò lè sọ èwo nínú méjèèjì ló gbé mi jáde. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá, mo gba Onígbòǹgbò lọ.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi jókòó síta, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì sọ ọ̀rọ̀ aago fún wọn. Mo rò pé ẹnu máa yà wọ́n. Ẹnu ò yà wọ́n.

“Láti ìgbà tó ti lọ, àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń wá lórí fóònù,” ni wọ́n wí. “‘Ìyá mi ọ̀wọ́n, ara mi le.’ Ọmọ mi kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mọ́ọ̀mì ló ń pè mí. Mo sọ fáwọn ẹbí, wọ́n ní ìtìjú ló ń ṣe é, kí n fi í lọ́rùn sílẹ̀.” Wọ́n da ẹ̀wà náà sílẹ̀, wọ́n wọlé lọ mú ìborùn.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó wà ní káńtà fi wá ṣẹ̀fẹ̀. “Nítorí aago lásán?” Obìnrin ọlọ́pàá kan jáde láti inú, ó ní ká tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sọ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

“Ọmọbìnrin tí ẹ jọ ń gbé, níbo ló wà báyìí?”

“Ó wà nílé ọkùnrin náà.”

“Ṣé o mọ ilé náà?”

Mo mọ̀ ọ́n. Kò pè mí débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo ti tẹ̀ lé e rí láti ibi iṣẹ́, láti òkèèrè, nítorí mo fẹ́ mọ obìnrin tó ń wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ojú irin ní Agége ni.

Nígbà tí èmi, ìyá ọ̀rẹ́ mi àtàwọn ọlọ́pàá débẹ̀, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wa, ṣíbí ìsebẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ káàbọ̀ o. A ń jẹun lọ́wọ́ ni.” Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà lórí àga, kò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ. Fóònù rẹ̀ wà lápò ọkùnrin náà. Oníbàárà kan ló kọ̀wé sí ọmọbìnrin náà nípa aṣọ, ó sì fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín parí rẹ̀. Látìgbà tí ọkùnrin náà ti rí ẹ̀rín náà ló ti tilẹ̀kùn, tó ń bi í pé ta ni, kí ló ń pa ẹni náà lẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ti bẹ̀ ẹ́ títí ohùn fi há. Ohun tí ọkùnrin náà ń tún sọ ṣáá ni, “Ìwọ náà fẹ́ lọ.”

Nínú yàrá, ó to báàgì, bàtà àti ìborùn obìnrin sórí pákó, bí ẹni tó ń tajà. Ìyá ọ̀rẹ́ mi rí báàgì ọmọ wọn. Wọn ò kígbe. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n ń fọwọ́ pa á.

Lẹ́yìn ilé náà ni àwọn ọlọ́pàá gbẹ́. Ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe òun nìkan. Àwọn kan wà ṣáájú rẹ̀ tí a kò mọ̀ rárá: ọ̀kan ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀dà, ọ̀kan máa ń ta káàdì fóònù nítòsí ibùdókọ̀.

Mo lọ sí kóòtù. Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ tó máa ń fi bi wá bóyá nǹkan ò ṣe wá lọ́wọ́, òun náà ló fi ṣàlàyé. Ó ní ìyá òun fi òun sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí nígbà tóun wà lọ́mọdé, ó lọ fẹ́ ọkọ síbòmíràn, òun sì ń dúró lójú fèrèsé lójoojúmọ́. “Mo kàn fẹ́ kí wọ́n dúró ni.” Bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó ń lọ nínú wọn. Ọ̀kan kí ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́nà. Ọ̀kan fẹ́ padà sílé ìwé. Obìnrin ọlọ́pàá náà sọ fún mi pé gbogbo ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí ló ti sunkún bẹ́ẹ̀, táwọn obìnrin sì pé lé e lórí. Ó ní ó jọ pé bí wọ́n ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún yẹn máa ń dùn mọ́ ọn. Mo rántí omi tí mo gbé fún un.

Bí wọ́n ti ń mú un jáde, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ó rí mi. “Ẹ káàsán, àǹtí.” Ó dùn mí. Níṣojú ìyá ọ̀rẹ́ mi tó pa, ó dùn mí pé àǹtí náà ni mo ṣì jẹ́.

Mo bi obìnrin ọlọ́pàá náà pé kí ló dé tí kò fi yàn mí. Ó wò mí dáadáa kó tó dáhùn.

“Òun nìkan lo ń wò. Kò sí ọkùnrin mìíràn tó lè jowú sí nítorí rẹ. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà níbòmíràn ló ń wù ú.”

Wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n gbére fún un. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ padà sílé, gbogbo ẹbí rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́ bí ìyá ọmọ tuntun. Mo lọ kí i. Inú mi dùn pé ó yè, mo sì ń jowú ọwọ́ tó pọ̀ lára rẹ̀ tó báyẹn. Kò sẹ́ni tó bi èmi bí mo ṣe ń sùn. Òun ló bi mí nígbà tó yá, nígbà tó sìn mí dé gáréèjì. Ó ní, “Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.” Mo ní mi ò bínú.

Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Aláúsá ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo ti fẹ́ gbà. Lọ́jọ́ kan tí mò ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní, “Ta lò ń bá rẹ́rìn-ín?” Mo kó aṣọ mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bínú gan-an.

“Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ ló ṣe béèrè.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣe mọ́.”

Láìpẹ́ yìí, mo rí ọkùnrin Aláúsá náà ní Allen, òun àti obìnrin kan jọ di ọwọ́ mú, wọ́n ń wọ báńkì. Obìnrin náà wọ aṣọ tó dára. Mo jowú rẹ̀ títí mo fi délé.