Ara Ló Ń Jí Lọ́fíńdà

Ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí imú tó tó tèmi. Prámárì mẹ́rin ni mo ti fi ìwé sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá fẹ́ jóná ní ilé kẹta, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pariwo. Imú yìí náà ló kó bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ọmọge kan wọ kẹ̀kẹ́ tí mo jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́. Òórùn ara rẹ̀ gbá mi láyà.

"Àbúrò mi, jọ̀wọ́, kí lo fi para?"

"Dádì, ìyàwó yín ńkọ́?"

Gbogbo kẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ṣáà dárúkọ lọ́fíńdà náà fún mi kó tó sọ̀ kalẹ̀. Omi ti dé ojú mi: ó jọ òórùn ìyá mi.

Ní 1984, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ìgò lọ́fíńdà kan ṣoṣo ni ìyá mi ní, kò ju àtàǹpàkò lọ. Bó bá wẹ̀ tán lẹ́yìn ìrun Alásárì, á kán ẹ̀kán kan sí ọrùn ọwọ́, ẹ̀kán kan sí ẹ̀yìn etí. Á kọ́kọ́ ta sí imú bí èèpo ọsàn. Kó tó sọ ọbẹ̀ kalẹ̀, ó ti ń dùn bí oyin. Bó bá fi máa di Mọ̀ǹgáríbì, kò sí lọ́fíńdà mọ́, ìyá mi ló kù: ó gbóná, ó dùn, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká nínú oòrùn. Èmi àti Kúdì, ẹ̀gbọ́n mi, a máa ń jà nítorí ẹni tó máa jókòó tì í.

Nítorí bàbá mi ló ṣe ń kán an. Ó ń wa lọ́rì gẹdú, ó sì ti fẹ́ ìyàwó kékeré sí Ayépé. Ọ̀sán Jímọ̀ nìkan ló ń yà wá wò. Kí òórùn yẹn tó jí, ó ti lọ. Mo wá rò ó, nítorí ọlọ́gbọ́n ọmọ ni mí: bí ó bá gbọ́ òórùn náà nírọ̀lẹ́, á rántí ilé. Ní Jímọ̀ kan, bàbá mi bọ́ jàlàbíà rẹ̀ kó tó jẹun. Mo da lọ́fíńdà ìyá mi sí i lọ́rùn, gbogbo rẹ̀.

Kò jí lára aṣọ. Ó ń ta títí dé Ayépé ni. Ìyàwó kékeré figbe ta pé wọ́n ti fi oògùn wọ́n ọkọ òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá mi padà dé lóòótọ́, ó ju aṣọ náà sílẹ̀.

"Ìyá Kúdì, kí lo wọ́n sí mi láṣọ?"

Ìyá mi wo ìgò tó ṣófo. Ó wò mí. Ẹnu mi tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́.

"Èmi ni, Bàbá Kúdì," ìyá mi ní. "Ẹ má bínú."

"O ò ní rí mi mọ́."

Kò sì rí i mọ́.

Ìyá mi kò nà mí. Ó da ojú ìgò náà dé ọrùn ọwọ́ mi, ẹ̀kán tó kù kán sí i. "Ara ló ń jí i," ó ní. "Aṣọ kì í jí i." Kò ra òmíràn títí ó fi kú. Èmi náà, pẹ̀lú gbogbo ẹnu mi, n kò bẹ̀ ẹ́ rí.

Mo ra lọ́fíńdà ọmọge yẹn. Lára ìyàwó mi, ó di òórùn ìyàwó mi. Ọmọbìnrin mi ní, "Dádì, aṣọ làwa ń fín in sí." Mo mọ̀. Ẹ ń kánjú jáde, kẹ́ ẹ tó dé géètì ó ti tán.

Lánàá, mo kán an sí ọrùn ọwọ́ ara mi, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Èèpo ọsàn. Oyin. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Mọ̀ǹgáríbì, ìyá mi dé, lára mi, níbi tí n kò wá a dé rí.

"Ìyá mi, ẹ dárí jì mí."

Kí ó tó di Ìṣáì, ó ti ń lọ. Mo tún ṣí ìgò náà, mo kán òmíràn sí i. Èèpo ọsàn ló tún kọ́kọ́ dé. Mo jókòó, mo ń dúró.